Wọ́n ní ínsúlínì ọmọ mi kò tíì yẹ kó tán

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin apòògùn wa. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní. Ínsúlínì oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ yúníìtì 8 láàárọ̀, 7 lọ́sàn-án, 7 lálẹ́, àti 2 fún ìpanu. Páálí kan kì í pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó fi ń tán, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní ó di ẹ̀yìn oṣù méjì kí a tó lè gba òmíràn. Sítíríìpù àyẹ̀wò ṣúgà 100 ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ lóṣù, bẹ́ẹ̀ dókítà ní ká máa yẹ ṣúgà rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́, ó kéré tán. Lóṣù tó kọjá wọ́n tún kọ̀wé pé àwọn kò ní sanwó irú ínsúlínì tó ń lò mọ́, pé kó bọ́ sórí òmíràn. Dókítà béèrè fún sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ṣúgà, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá, wọ́n ní rárá. Èyí tó dùn mí jù ni pé mo ká ọmọ náà mọ́ ibi tó ti ń fo àyẹ̀wò òru, nítorí ó gbọ́ tí mò ń bá wọn jiyàn lórí fóònù. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ ṣí fíríìjì kí ẹ ka péènì ínsúlínì tó kù. Bí èyí tó kù kò bá lè tó ọjọ́ méje, ẹ fo gbogbo àlàyé yìí, ẹ lọ sí ibi tí mo ti sọ ohun tí ẹ ó ṣe nígbà tí ẹ bá ń dúró de èsì, kí ẹ tó padà wá ka ìyókù. Bí ó bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ mú bírò àti ìwé, torí pé ìṣirò ni yóò gbà yín nínú ọ̀rọ̀ yìí ju ẹ̀bẹ̀ lọ.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró lẹ́yìn káńtà ilé oògùn, mo sì ti rí àwọn òbí tó sunkún níwájú mi nítorí ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré: “Kò tíì tó àkókò.” Ohun tí mo ti mọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe ènìyàn. Kọ̀ǹpútà náà kò mọ ọmọ yín. Nọ́ńbà méjì péré ló ń wò: iye ínsúlínì tó wà nínú páálí, àti iye tí ìwé oògùn sọ pé kí ọmọ lò lójúmọ́. Ó pín ọ̀kan sí èkejì, ó sì ti ilẹ̀kùn títí ọjọ́ náà yóò fi pé. Bí nọ́ńbà tó wà lórí ìwé oògùn bá kéré sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé, bí ẹ bá pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹwàá, ìdáhùn kan náà ni ẹ ó gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà pọ̀. Péènì tó wọ́pọ̀ ń gba mílílítà 3, yúníìtì 100 ló sì wà nínú mílílítà kan. Péènì kan jẹ́ yúníìtì 300 nìyẹn. Páálí ní péènì márùn-ún, ó di 1,500. Ẹ wá wo ìwé oògùn ọmọ yín: 8 àti 7 àti 7 àti 2 jẹ́ 24. Bí ẹ bá pín 1,500 sí 24, ọjọ́ 62 ni. Ibi tí wọ́n ti rí oṣù méjì wọn nìyẹn. Wọn kò purọ́ mọ́ yín. Ìwé tó wà níwájú wọn ni kò sọ gbogbo òtítọ́.

Ohun tí ìwé náà kò sọ rèé. Kí a tó gún abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, yúníìtì 2 la ń tẹ̀ dànù kí afẹ́fẹ́ lè jáde, kí a sì lè rí i pé ẹnu abẹ́rẹ́ kò dí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ jẹ́ 8. Lẹ́yìn ìyẹn ni àtúnṣe, èyí tí dókítà kọ́ yín láti fi kún un nígbà tí ṣúgà bá ga ṣáájú oúnjẹ. Ká ní ó ń tó 6 lójúmọ́. 24 àti 8 àti 6 jẹ́ 38. 1,500 pín sí 38 kò ju ọjọ́ 39 lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò pé, bí ẹ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ kò fi ínsúlínì ṣòfò, ọmọ yín náà kò ṣì í lò. Bí ẹ bá sì rí i pé ohun tó ń lò ń pọ̀ sí i láti oṣù dé oṣù, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Ọmọ ọdún 11 ń wọ ìgbà ìbàlágà, họ́mọ̀nù tó ń mú ara dàgbà a sì máa dènà iṣẹ́ ínsúlínì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń nílò púpọ̀ sí i ní àkókò yìí, kí ó tó tún wálẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dàgbà tán.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe kò kan ilé-iṣẹ́ adójútòfò rárá. Ọ̀dọ̀ dókítà ni ẹ ó lọ, ẹ ó sì ní kó tún ìwé oògùn kọ. Kí ó kọ ọ́ pé ọmọ ń gún un ṣáájú oúnjẹ àti ìpanu, pẹ̀lú àtúnṣe, pé iye tó lè lò jù lọ lójúmọ́ jẹ́ báyìí, èyí tí a ń tẹ̀ dànù sì wà nínú rẹ̀. Bí dókítà bá rí i nínú àkọsílẹ̀ yín pé ó ń tó 45 ní ọjọ́ tí ṣúgà bá ga, 45 ni kó kọ. Páálí kan yóò wá jẹ́ ti ọjọ́ 33 lójú kọ̀ǹpútà náà, ìjà tí ẹ ti ń jà láti ọjọ́ yìí wá yóò sì parí láìsí àríyànjiyàn. Mo ń tẹnu mọ́ ọn pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni kí dókítà kọ. Ẹ mú àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì lọ bá a: iye tí ẹ gún, iye tí ẹ tẹ̀ dànù, iye tí ẹ fi ṣàtúnṣe.

Gbólóhùn tó ń bà wá nínú jẹ́ jù ní ilé oògùn ni “kó máa lò ó bí a ṣe sọ fún un.” Kò sí nọ́ńbà nínú rẹ̀. Apòògùn tó bá gbà á ní láti fojú díwọ̀n ọjọ́ tí páálí yóò tó. Èmi náà ti díwọ̀n rẹ̀ rí, mo kọ 60 síbi tó yẹ kí n kọ 30, ó sì di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí bàbá arúgbó kan tó rí ínsúlínì rẹ̀ gbà láìsan gbogbo owó náà lápò ara rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń pe dókítà kí n tó kọ ohunkóhun. Ẹ bi apòògùn yín pé: “Ọjọ́ mélòó lẹ kọ pé páálí yìí yóò tó?” Bí ohun tó kọ kò bá bá ìwé dókítà mu, òun fúnra rẹ̀ lè tún un ṣe lójú ẹsẹ̀.

Fún àwọn tí ọmọ wọn ṣì kéré tó ń lò díẹ̀, ìṣòro tiwọn yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ péènì tí a bá ti ṣí, ọjọ́ 28 péré la lè lò ó, bó tilẹ̀ ṣẹ́ ku. Àwọn kan máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ka ìwé inú páálí wọn. Ọmọ tó ń lo yúníìtì 8 lójúmọ́ pẹ̀lú èyí tó ń tẹ̀ dànù, 224 ni yóò ti lò kí ọjọ́ 28 tó pé, 76 yóò sì lọ sínú ìdọ̀tí. Dókítà gbọ́dọ̀ kọ èyí náà sínú ìwé oògùn, nítorí kọ̀ǹpútà kì í rò ó.

Ó ku sítíríìpù. 100 lóṣù jẹ́ mẹ́ta lójúmọ́, pẹ̀lú mẹ́wàá tó ṣẹ́ kù. Òǹkà yìí lè tó fún àgbàlagbà tó ń lo oògùn oníhóró. Kò lè tó ọmọ tó ń gún abẹ́rẹ́ ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ jẹun. Ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́ jẹ́ 180 lóṣù, àwọn ọjọ́ tí nǹkan lọ geere sì nìyẹn. Ní ọjọ́ tí ṣúgà bá já sí ìsàlẹ̀ 70 (mg/dL), ẹ ó fún un ní ṣúgà gíráàmù 15, ẹ ó dúró ìṣẹ́jú 15, ẹ ó sì tún un yẹ̀ wò. Sítíríìpù méjì tàbí mẹ́ta ti lọ lórí ìjákulẹ̀ ṣúgà kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ tí ibà bá mú un, gbogbo wákàtí díẹ̀ ni ẹ ó máa yẹ̀ ẹ́ wò tọ̀sán tòru. Mẹ́jọ lójúmọ́ ni mo máa ń sọ pé kí òbí béèrè fún, ìyẹn 240 lóṣù, n kò sì rò pé ó pọ̀. ISPAD, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn oníṣègùn tó ń tọ́jú àtọ̀gbẹ ọmọdé àti ọ̀dọ́, sọ nínú ìlànà rẹ̀ pé ọmọ tó ń lo sítíríìpù lè nílò àyẹ̀wò 6 sí 10 lójúmọ́. Kí dókítà kọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an sínú lẹ́tà rẹ̀.

Bí wọ́n bá bi yín pé kí nìdí tí àyẹ̀wò fi ní láti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìdáhùn wà láti ọdún 1993. Ọdún náà ni èsì ìwádìí DCCT jáde, èyí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà àti Kánádà láàárín ènìyàn 1,441 tó ní oríṣi kìíní. Àwọn tí wọ́n tọ́jú ṣúgà wọn gidigidi, tí ojú wọn kò tíì ní àìsàn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ewu kí àtọ̀gbẹ ba ojú wọn jẹ́ dín kù ní ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n apá kejì èsì náà wà tí àwọn ènìyàn kì í rántí: ìjákulẹ̀ ṣúgà tó le pọ̀ láàárín àwọn wọ̀nyẹn, ó tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn yòókù. Ẹni tó bá fún ọmọ ní ínsúlínì kó lè dáàbò bo ojú àti kíndìnrín rẹ̀, tó wá dín sítíríìpù rẹ̀ kù, ó ti gbé e gun igi gíga, ó sì ti yọ àkàbà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi èyí yé wọn.

Ní ti ínsúlínì tí wọ́n ní kó bọ́ sórí òmíràn, mo fẹ́ kí ara yín balẹ̀ díẹ̀. Gbogbo ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló ní àkójọ oògùn tó ń sanwó rẹ̀, wọ́n sì máa ń yí i padà bí àdéhùn wọn pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe oògùn bá yí padà. Bí èyí tí wọ́n ń fún un báyìí bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ínsúlínì tó ń ṣiṣẹ́ kíákíá bíi lispro, aspart tàbí glulisine, iye kan náà ni dókítà sábà máa ń fi rọ́pò èyí tí ó ń lò tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ kì í sì í mọ ìyàtọ̀. Ẹ kàn máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Àmọ́ bó bá jẹ́ ínsúlínì ènìyàn ti àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní regular ni, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: ó máa ń pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú oúnjẹ la ń gún un, ó sì máa ń pẹ́ nínú ara. Ọmọ tó bá ń gún un bí ti tẹ́lẹ̀, ṣúgà rẹ̀ yóò ga lẹ́yìn oúnjẹ, yóò sì já lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wáyé láìjẹ́ pé dókítà ti jókòó tì yín. Ẹ wo ara péènì tuntun náà pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí U-200 (yúníìtì 200 nínú mílílítà kan) níbi tí U-100 wà tẹ́lẹ̀, iye yúníìtì kan náà ni kí ẹ yí sí, péènì ti ṣe ìṣirò rẹ̀; ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi síríǹjì fa ínsúlínì jáde nínú péènì láéláé.

Bí ó bá wá ti lo tuntun náà tí nǹkan kò sì dára, kí ẹ tó dá oògùn lẹ́bi, ẹ fọwọ́ pa ibi tí ó máa ń gún. Bí ibẹ̀ bá ti wú tó le bí kókó, ínsúlínì kò lè wọlé dáadáa níbẹ̀, irú yòówù kó jẹ́. Bí ibẹ̀ bá dára, tí ó ti lò ó bó ṣe yẹ, tí àkọsílẹ̀ sì fi hàn pé ṣúgà ń ga tàbí ń já ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ti ní ẹ̀rí tí dókítà yóò fi béèrè pé kí wọ́n dá a padà sórí ti àkọ́kọ́. Láìsí àkọsílẹ̀ yẹn, wọn kò ní dá a lóhùn.

Ti sẹ́ńsọ̀ ni ẹ ó pe ìpinnu wọn níjà lórí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀ fún yín, pẹ̀lú ojú ìwé ìlànà tí wọ́n tẹ̀ lé. “Wọ́n ní rárá” lórí fóònù kì í ṣe ìdí. Ìdí kan lè jẹ́ pé fọ́ọ̀mù kò pé. Ìyẹn kò nílò ìjà, ẹ parí fọ́ọ̀mù. Òmíràn lè jẹ́ pé wọn kò rí i pé ọmọ nílò rẹ̀. Ìyẹn ni lẹ́tà dókítà wà fún. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti fèsì, ẹ kọ ọ́ sára ògiri, torí bó bá kọjá, ẹjọ́ rere lè bọ́ sọ́nù. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pè wọ́n, ẹ kọ ọjọ́, aago, orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn àti nọ́ńbà ìpè náà sílẹ̀.

Lẹ́tà tó máa ń ṣiṣẹ́ kì í gùn. Mo fẹ́ kó rí báyìí: “Ọmọ ọdún 11 ni, ó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, abẹ́rẹ́ márùn-ún ló ń gún lójúmọ́, mẹ́rin fún oúnjẹ àti ìpanu, ọ̀kan fún ínsúlínì ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Láàárín ọjọ́ 30 tó kọjá, ṣúgà rẹ̀ já sí ìsàlẹ̀ 70 ní ìgbà báyìí, ìgbà báyìí nínú wọn sì jẹ́ òru, nígbà tí ó ń sùn. A1c rẹ̀ (ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta tó kọjá) jẹ́ báyìí. Òun àti ìyá rẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo sẹ́ńsọ̀. Sẹ́ńsọ̀ yóò dún nígbà tí ṣúgà bá ń lọ sílẹ̀. Sítíríìpù kò lè jí ẹni tó ń sùn.” Kí nọ́ńbà gidi wà níbi tí mo kọ “báyìí” sí, kí àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ ìwọn ṣúgà sì so mọ́ ọn lẹ́yìn. Ìjákulẹ̀ òru ni kí dókítà kọ́kọ́ dárúkọ. Bí wọ́n bá tún kọ̀, ẹ ní kí dókítà béèrè láti bá dókítà tiwọn sọ̀rọ̀ tààrà lórí fóònù. Mo ti rí i tí ìpè bẹ́ẹ̀ yí ìpinnu padà láàárín ọjọ́ kan. Níbi tí òfin bá ti gbà á láyè, ẹ ṣì lè gbé e lọ sọ́dọ̀ olùyẹ̀wò tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn. Bí ìlera ọmọ bá wà nínú ewu, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé náà pé ó jẹ́ kánjúkánjú.

Tí wọ́n bá wá gbà, ẹ tún ka iye rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́wàá, mẹ́ta lóṣù, jẹ́ 36 lọ́dún, ó sì kárí ọjọ́ 360. Ọjọ́ márùn-ún yóò ṣófo. Bí ọ̀kan bá ré bọ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ẹ pe ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, kì í ṣe adójútòfò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ má sọ èyí tó bọ́ nù títí ẹ ó fi bá wọn sọ̀rọ̀, torí wọ́n máa ń béèrè nọ́ńbà ara rẹ̀. Sítíríìpù kò sì gbọ́dọ̀ tán nílé nítorí pé sẹ́ńsọ̀ dé.

Nígbà tí ẹ bá ń dúró de èsì, ohun kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe: ẹ má ṣe dín ínsúlínì kù kó lè pẹ́. Ìyá kan tí mo mọ̀ pín ínsúlínì ọlọ́jọ́ gbọọrọ ọmọ rẹ̀ sí méjì fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń dúró de ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà yóò ṣílẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọ ń bì, inú ń run ún, ó ń mí gùlegùle, ẹnu rẹ̀ sì ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù. Kítóònù, ásíìdì tí ara ń ṣe nígbà tí ínsúlínì kò bá tó, ti kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n rí i gbà là ní ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n n kò lè gbàgbé ojú ìyá yẹn. Bí ẹ bá rí àwọn àmì wọ̀nyí, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀.

Dípò kí ẹ dín in kù, ẹ sọ fún apòògùn pé ìwọ̀n ínsúlínì ti yí padà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló ní ọ̀nà láti ṣí ìlẹ̀kùn ṣáájú àkókò bí dókítà bá ti yí ìwọ̀n padà. Ẹ ní kó wò ó bóyá ó lè fún yín ní ti pàjáwìrì tó tó ọjọ́ díẹ̀. Ẹ bi ilé ìwòsàn bóyá wọ́n ní péènì tí wọ́n fi ń kọ́ aláìsàn. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ tó ṣe oògùn bóyá ó ní ètò ìrànwọ́. Ti sítíríìpù, ẹ bi apòògùn pé ẹ̀rọ wo ni sítíríìpù rẹ̀ kò wọ́n, kí ẹ sì rí i pé ó bá ìlànà ISO 15197 ti ọdún 2013 mu. Ẹ má ra sítíríìpù tí ẹlòmíràn ti ṣí. Ẹ má sì lo péènì ẹlòmíràn, bí ẹ tilẹ̀ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ orí rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè padà sínú rẹ̀.

Mo fi ti ọmọ náà ṣe ìkẹyìn nítorí òun ló wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà yín. Ó ń fo àyẹ̀wò òru kó lè dín ìnáwó ìyá rẹ̀ kù. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, ẹ má bá a wí. Ẹ jókòó tì í lálẹ́ òní, ẹ sọ fún un pé ẹ gbọ́ pé ó ń tọ́jú sítíríìpù, pé ẹ dúpẹ́, àti pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ gbé ìwé ìṣirò náà lé e lọ́wọ́, kó rí i fúnra rẹ̀ pé 24 kọ́ ni òun ń lò, pé 38 ni, pé kì í ṣe òun ló jẹ ínsúlínì tó tán. Ọmọ ọdún 11 mọ ìṣirò pínpín. Lẹ́yìn náà, ẹ máa gba ìpè wọn ní yàrá mìíràn, kí ẹ sì jẹ́ kí ó rí yín tí ẹ ń fi páálí sítíríìpù tuntun sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kó tó sùn.